Ìyá Ẹlẹ́ṣin Tó Ti Kóòtù Bọ̀ Ṣọ̀rẹ́

Ẹsẹ̀ èèyàn ni Màmá kọ́kọ́ máa ń wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó wá yá ilé, ẹni tó wá tọrọ ọmọ, wòlíì tó wá wàásù lẹ́nu ọ̀nà, bákan náà ni gbogbo wọn. Wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọn á wo gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá ó là, wọn á wo èékánná rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ní "ẹ káàbọ̀". Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, torí pé ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin, pátákò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé wò. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi wá kí wọn lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní: "Àṣàkẹ́, ẹni tí kò bá lè tọ́jú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò lè tọ́jú tìẹ. Ti eléyìí dáa."

Màmá ló bí ìyá mi. Wọ́n ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìgándò ń pè wọ́n, torí àwọn nìkan ni obìnrin tí a mọ̀ tó so ẹṣin mọ́ ẹ̀yìnkùlé bí ẹlòmíì ti ń so ewúrẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ni àwọn àbúrò mi ti ń sọ pé kí n kọ nǹkan nípa wọn. Mi ò lè kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, kí n sì sọ ohun tó wà láàárín àwọn àti Sùlé, torí pé ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Bàbá Màmá ló ń tọ́jú ẹṣin fún ọba ìlú wọn ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí ọba ra mọ́tò, ó ní kí bàbá náà máa kó àwọn ẹṣin tó kù lọ sílé. Àwọn ẹṣin yẹn ń bí sí i nínú agbo ilé títí bàbá fi kú, tí àwọn ọmọ sì túká. Nígbà tó yá, abo kan ṣoṣo ló kù. Àbúrò Màmá ọkùnrin gbé e sínú lọ́rì oníṣu, ó gbé e wá sí Ìgándò, nígbà tí ìdajì ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Funfun ni ẹṣin náà, Fàdákà lorúkọ rẹ̀. Bí lọ́rì ti dúró, Màmá kọjá lára àbúrò wọn tí wọn ò tíì rí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n lọ dì mọ́ ọrùn ẹṣin. Àbúrò wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ńkọ́?" Wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ jókòó wá ni. Òun ló dúró."

Àwọn náà kì í jókòó jẹun. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹun, àwo lọ́wọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń jẹ. Bí a bá gbé àga fún wọn, wọ́n á ní kí a gbé e fún àlejò. Mi ò gbọ́ kí wọ́n pe Fàdákà ní "ẹṣin mi" rí. "Ẹṣin bàbá mi" ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni pé bàbá náà ṣì ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀.

Wọ́n mọ ìjà jà o. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ òkú. Wọ́n bá lèmọ́mù jà nítorí ibi tí wọ́n so ẹṣin sí, wọ́n bá àwọn tó ń wakọ̀ lọ sí Ìkòtún jà nítorí fèrè. Ìyàwó Tíṣà Fálànà ni wọ́n bá jà jù. Tíṣà yìí, ará Èkìtì, ló yá yàrá méjì níwájú ilé wọn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè máa gbọ́ òórùn ìgbẹ́ ẹṣin láàárọ̀ láàárọ̀. Màmá kàn ń kó ìgbẹ́ náà jọ sí igun kan. Nígbà tí òjò dé, tẹ̀tẹ̀ hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò pẹ́ tí Tíṣà fi gbé bàsíà wá, ó ní ìyàwó òun ló rán òun. Màmá bù ú kún fún un, wọ́n sì ní: "Ẹ kí i. Ẹ ní òórùn rẹ̀ ti dé inú ìkòkò."

Ohun tó gbé Sùlé dé ọ̀dọ̀ wa ni pé Màmá fẹ́ rí ẹṣin bàbá wọn nínú èrò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n fẹ́ kí Fàdákà máa ṣíwájú àwọn àgbà bọ̀ láti yídì lọ́jọ́ Iléyá, bí àwọn ẹṣin ọba ti ń ṣe nígbà èwe wọn. Ṣùgbọ́n Fàdákà ò mọ èrò. Bí mọ́tò bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan báyìí, yóò fà yọ. Wọ́n wá gbọ́ nípa ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń sin ẹṣin ní Barùwà, tó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tó dé, Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ìgbẹ́ ló ń rìn lójoojúmọ́, síbẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ní kó wọlé.

Màmá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àdéhùn. Bí o bá sọ tìẹ tán, wọn á tún un sọ gẹ́gẹ́ bí o ti sọ ọ́. Bí àwọn bá sọ tiwọn, ìwọ náà á tún un sọ. Ẹni tí kò bá lè tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sọ, wọn ò ní bá a ṣe é. Níwájú Tíṣà Fálànà ni àwọn àti Sùlé ti ṣe tiwọn, Fàdákà sì wà lórí ìso lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Sùlé yóò mú un lọ sí Barùwà, yóò kọ́ ọ kó má bẹ̀rù èrò, ìbọn àti fèrè. Màmá yóò san owó iṣẹ́, wọ́n á sì máa fi ọkà bàbà àti èèrí ránṣẹ́ fún jíjẹ rẹ̀. Sùlé tún ti Màmá sọ. Màmá tún ti Sùlé sọ. Wọ́n bọwọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Abo ni Fàdákà, akọ ẹṣin sì wà lọ́dọ̀ Sùlé. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń sin ẹṣin, ní ilé Màmá àti ní ilé Sùlé, èèwọ̀ ni kí a dárúkọ ọmọ tí a ò tíì bí létí ẹṣin tí yóò bí i. Wọ́n ní oyún náà ò ní dúró. Àwọn méjèèjì bu ọ̀wọ̀ fún ẹṣin, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ jù lọ sílẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Ìyá mi gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ìgbà tí ara wọn yá, kí wọ́n tó dé ilé pàápàá, Barùwà ni wọ́n ní kí n mú wọn lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Fàdákà ń jẹ koríko, ọmọ kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ sì ń mu ọmú rẹ̀. Abo ni ọmọ náà, dúdú ni. Mo ní kì í ṣe tirẹ̀, torí funfun ni Fàdákà. Màmá rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Dúdú ni wọ́n ń wá sáyé. Ọjọ́ orí ló ń sọ wọ́n di funfun, bíi tiwa."

Sùlé kúnlẹ̀ kí wọn. Ó wá ní, "Màmá, ẹ máa mú Fàdákà yín lọ. Mi ò tíì kọ́ ọ tán, torí mi ò lè máa fi ìbọn dẹ́rù ba aláboyún. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, tèmi ni o. Èmi ni mo bọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó lóyún, akọ ẹṣin mi ló sì gùn ún. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Màmá ní, "Nílé tiwa, ibi tí ìyá bá lọ lọmọ ń lọ."

Wọn ò pariwo. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Fàdákà ti darúgbó, kò ní bímọ mọ́. Ọmọ dúdú yẹn ni ìran ẹṣin bàbá wọn tó kù láyé. Bó bá kúrò lọ́wọ́ wọn, ó parí nìyẹn.

Bọ̀dá Múfú, àbíkẹ́yìn Màmá, ò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gba téṣàn lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní olè jí ẹṣin ìyá òun. Wọ́n lọ gbé Sùlé, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n mú ọ̀pá, ó di téṣàn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọkùnrin náà á jẹ́wọ́ láìpẹ́.

Màmá ní, "Kí ló fẹ́ jẹ́wọ́? Olè kì í mú olóhun lọ wo ẹrù. Ọkùnrin yìí fi ọmọ ẹṣin náà hàn mí fúnra rẹ̀. Àríyànjiyàn ló wà láàárín wa, kì í ṣe olè. Ẹ tú u sílẹ̀."

Ọ̀gá ní kò rí bẹ́ẹ̀, àfi bí onídùúró bá wà. Màmá ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀. Ọ̀gá náà bojú wò wọ́n, ó wo Bọ̀dá Múfú. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mú ẹjọ́ wá, ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ dúró fún un?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló mú ẹjọ́ wá. Èmi ni mo mọ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà." Bí wọ́n ṣe ṣe onídùúró fún ẹni tí àwọn fẹ́ bá ṣẹjọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀dá Múfú mú wọn lọ bá lọ́yà kan ní Ìkejà. Lọ́yà náà fara balẹ̀. Ó ní àdéhùn ẹnu náà, àdéhùn ni, níwọ̀n bí ẹlẹ́rìí bá ti wà. Ó ní òun lè kọ̀wé sí Sùlé pé kó fa ẹṣin àti ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bó bá kọ̀, wọ́n lè lọ sí kóòtù májísíréètì, kí wọ́n béèrè ohun ìní wọn àti owó gbà-má-bínú fún iṣẹ́ tí kò parí. Bí wọ́n bá sì rí i pé orí àṣà ni ìjà náà dá lé, kóòtù ìbílẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n sì lè lọ bá àwọn àgbà kí wọ́n bá wọn parí rẹ̀, láì dé kóòtù rárá.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun. Nínú gbogbo ọ̀nà yìí, èwo ni n ó gbà tí èmi àti ọkùnrin náà á ṣì lè máa kí ara wa?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò kọ́ òun ní ìyẹn nílé ìwé. Bọ̀dá Múfú ní, "Màmá, ẹ gbàgbé ìyẹn jàre. Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ni? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Màmá dìde, wọ́n kó aṣọ wọn jọ. Wọ́n ní: "Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ bí a ti ń lọ ni."

Àwọn àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Lèmọ́mù tí wọ́n ti bá jà tẹ́lẹ̀ ló pè wọ́n jókòó, ó ní kí wọ́n ta ọmọ ẹṣin náà kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí méjì. Màmá àti Sùlé kọ̀ ọ́ pa pọ̀. Màmá ní a kì í pín ẹṣin bí ẹran Iléyá, Sùlé sì ní òótọ́ ni Màmá sọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé nínú gbogbo wa, àwọn méjì tó ń jà yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn jọra jù. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n lọ sí kóòtù ìbílẹ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Màmá kì í wọ bọ́ọ̀sì títí Sùlé á fi dé. Wọ́n á dúró tì í ní ibùdókọ̀ Ìkòtún, Bọ̀dá Múfú á sì máa fapá jánú. Lọ́jọ́ kan tí Sùlé pẹ́, bọ́ọ̀sì mélòó kan kọjá lójú wa. Bọ̀dá Múfú ní bí kò bá dé kóòtù, àwọn ti jàre nìyẹn. Màmá ní, "Mi ò fẹ́ kí n jàre ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Kóòtù kún lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí. Alága kóòtù béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ìdí tí wọn ò fi sọ̀rọ̀ ọmọ nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dáhùn, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ: "Ẹṣin náà wà níbẹ̀, sà." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, àfi àwọn méjèèjì.

Alága wá ní ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí òun. Bó bá jẹ́ Màmá ló ń bọ́ ẹṣin náà títí tó fi bímọ, àwọn ló ni ọmọ. Bó bá sì jẹ́ Sùlé ló bọ́ ọ, Sùlé ló ni ín. Tíṣà Fálànà jẹ́rìí. Ó ní òun máa ń gbé àpò ọkà jáde sí ọ̀nà fúnra òun, àti pé oúnjẹ ò já rí. Èèyàn dáadáa ni Tíṣà, ohun tó rò ló sọ. Ó rò pé láti Ìbàdàn ni Màmá ti ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà tí wọn ò sí nílé. Sùlé ní oúnjẹ já, òun ló sì bọ́ ẹṣin náà títí tó fi bímọ. Alága ní, "Ta ló rí i?" Sùlé ní ọmọkùnrin tó ń bá òun ṣiṣẹ́ nígbà náà ti padà sí Ìlọrin. Bọ̀dá Múfú ti ń fọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ dúdú yẹn ti di tiwa.

Màmá fi ọ̀pá dìde.

Wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ, sà. Oúnjẹ já."

Alága ní, "Màmá, ẹlẹ́rìí yín sọ pé kò já."

"Tíṣà ò mọ̀. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, mi ò fi nǹkankan ránṣẹ́, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni kó fi ránṣẹ́. Òun ló bọ́ ọ."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ rò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí."

Màmá ní, "Èmi wà níbẹ̀."

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù láyé mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ yẹn. Bọ̀dá Múfú fọwọ́ bo ojú. Èmi ń wo ìyá arúgbó tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ tú ẹṣin bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìso. Wọ́n dá ẹjọ́ náà bí Alága ti sọ ọ́: Màmá ló ni Fàdákà, Sùlé á sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Sùlé ló ni ọmọ.

Bọ́ọ̀sì kan náà ni gbogbo wa wọ̀ bọ̀. A ti rìn jìnnà kí Màmá tó béèrè orúkọ tí Sùlé sọ ọmọ ẹṣin náà. Sùlé ní òun ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, pé ẹjọ́ lòun ń dúró dè. Màmá ní, "Máa pè é ní Ọ̀rẹ́." Sùlé, ọkùnrin tó tóbi báyẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Fàdákà ṣíwájú àwọn àgbà bọ̀ láti yídì, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn nígbà tí ìbọn dún. Lẹ́yìn tó kú, Màmá tún ń lọ sí Barùwà lóòrèkóòrè, wọ́n á di ìrèké dání fún Ọ̀rẹ́. Bọ̀dá Múfú béèrè ohun tí wọ́n tún ń wá lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní, "Bí ẹṣin bá dá ni, a ó tún un gùn ni." Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n sọ fún wa.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni Màmá fi wá sílẹ̀. Nígbà tí a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn níwájú ilé, ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ láti ọ̀nà Ìkòtún, ó fa ẹṣin kékeré kan lọ́wọ́, ẹṣin náà sì dúdú. Àwọn mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ta pútú. Sùlé ni. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé.

Bọ̀dá Múfú dìde lọ pàdé rẹ̀. Ó ní, "Sùlé, kí lèyí?"

Sùlé ní, "Àkọ́bí Ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ti Màmá ni. A ti ṣe àdéhùn pé àkọ́bí rẹ̀ á padà sí ilé yìí, ṣùgbọ́n kí n kọ́ ọ kí n tó mú un wá. A kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀rẹ́ ká tó sọ ọ́ o, a lọ dúró sí ibùdókọ̀ Kọ́mándì lọ́hùn-ún kó má baà gbọ́. Màmá tún tèmi sọ, mo tún tiwọn sọ."

"Màmá ò sọ fún wa," Bọ̀dá Múfú ní. "A ò tiẹ̀ mọ̀ pé o jẹ wọ́n ní nǹkankan. Ta ló wà níbẹ̀?"

Sùlé na ìjánu ẹṣin náà sí i.

Ó ní, "Èmi wà níbẹ̀."

Bọ̀dá Múfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Sùlé títí. Lẹ́yìn náà ló gba ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀.